Mi Ò Ní Gé Orí Àparò Mi

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Ìyá Rónkẹ́ sọ fún mi pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n máa gé orí àwọn ẹyẹ mi kí n tó kó wọn wá. Ó ní láti ìsàlẹ̀ ọrùn ni kí n ti máa gé e, kí n sì tu ìyẹ́ wọn mọ́ féfé, bí Múfú, ẹnì kejì tó ń kó ẹyẹ wá fún un, ti ń ṣe. Mo ní mi ò ní gé e. Òun sì ni oníbàárà mi tó tóbi jù. Pẹpẹsúùpù ẹyẹ àti ọtí tútù ló ń tà lábẹ́ àtíbàbà kan ní Apple Junction, ohun tó bá sì rà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì ni ilé mi fi ń jẹun títí Ẹtì mìíràn yóò fi dé. Síbẹ̀, mo ní mi ò ní gé e.

Iṣẹ́ tí mo ṣe jálẹ̀ àwọn ọdún 1980 nìyẹn: mo ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ pa ẹyẹ jíjẹ nínú pápá àti àbàtà tó yí Festac ká, láti ẹ̀yìn Agboju títí dé ìhà Satellite Town. Bọ̀dá Aláparò ni wọ́n ń pè mí. Ìyàwó mi ló kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọkọ òun ní Ẹlẹ́yẹ, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Àwọn ọdẹ oníṣakabùlà tí mo lọ bá fi mí rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni mo gbé dání. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìbọn tiwọn ń fọ́n ọta ká, ó lè ba ẹyẹ níbikíbi. Ọta kan ṣoṣo ló ń jáde nínú tèmi, kò ju kóró ìbẹ́pẹ lọ, ìbàdí rẹ̀ sì há bíi ti odó. N ó ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn náà wálẹ̀ kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè ká jọ, n ó ki ọta bọ ìdí ọ̀pá, n ó sì dá a padà. Kò sí ẹ̀tù, kò sí èéfín. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí òfin rẹ̀ fi le.

Orí nìkan ni à ń yìnbọn sí. Bí o kò bá tíì sún mọ́ ẹyẹ débi tí o fi rí ẹyinjú rẹ̀, má yìn ín, torí èyí tí ọta bá bà ní àyà yóò fò lọ kú síbi tí kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá sì fara gbọgbẹ́, wá a rí kí o tó yìnbọn sí òmíràn. Àwọn àgbà ní àparò kan ò ga jù kan lọ, àfi èyí tó bá gun ebè. Akọ ló sábà máa ń gun ebè láti ké láàárọ̀. Abo wà nínú koríko pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tó gun ebè ni tèmi, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí ebè wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ilé pọ̀ ní Festac, ọta tó bá tàsé kì í mọ fèrèsé ẹni tó ń lọ. Bí ẹyẹ bá ṣubú sínú oko ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn, olóko ló ni itan kan. Lékeléke ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí n pa á torí pé ó ń ṣu sórí mọ́tò rẹ̀, kó lọ wá ẹlòmíràn.

Òfin kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é. Bí mo bá ti pa ẹyẹ, mo máa ń la àpò oúnjẹ ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ wò. Bí mo bá bá kóró koríko níbẹ̀, tàbí ìkán, mo ti mọ ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Múfú máa kọ mí lóminú. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá, ẹyẹ rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ fíìfíì, kò sì sí ihò lára ìkankan. Ó ní àwọ̀n lòun fi ń mú wọn, òun á wá dúńbú wọn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń gé ọrùn sún mọ́ èjìká tó bẹ́ẹ̀, tí àpò oúnjẹ fi ń bá orí lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí lẹ fẹ́ jẹ ni?”

Gbogbo àtíbàbà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rí àgbàdo tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ nínú pápá lẹ́yìn Agboju, lẹ́bàá ipa táyà kẹ̀kẹ́. Àwọ̀ pupa wà lára rẹ̀, bí irú àgbàdo gbíngbìn tí wọ́n pò mọ́ oògùn kòkòrò. Eku méjì àti ológoṣẹ́ kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ sọ fún Ìyá Rónkẹ́ pé oògùn ni Múfú fi ń pa ẹyẹ rẹ̀. Ó ní ìlara ló ń bá mi jà, ṣé èmi nìkan ni mo ni pápá? Ó ní bí mi ò bá ti ní gé orí ẹyẹ, kí n má wá mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wá. Mo so àparò mi mọ́ igi, tòun ti orí wọn, mo sì dúró sẹ́nu àtíbàbà. Múfú ti kó tirẹ̀ dé, ìkòkò àkọ́kọ́ sì ti ń hó lórí iná. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé Ìyá Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀: bí ẹlẹ́mu ti ń kọ́kọ́ tọ́ ẹmu rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kó ẹyẹ wá ṣe ń jẹ abọ́ àkọ́kọ́. Èmi ń jẹ tèmi. Múfú kì í jẹ, ó ní èèwọ̀ ìdílé àwọn ni àparò.

“Mi ò wá tajà, ẹ̀gbọ́n,” mo sọ fún Ìyá Rónkẹ́. “Ẹ bu ti Múfú fún un. Bó bá ti jẹ ẹ́, n ó máa lọ sílé.”

“O ò gbọ́ pé èèwọ̀ wọn ni?”

“Àparò ni èèwọ̀ wọn. Kí lẹ ń sè lónìí?”

Àdàbà ni. Ó wo inú ìkòkò, ó wo Múfú. Ó bu abọ́ kan, ó gbé e fún un. Múfú gbà á, ó ní ó gbóná.

“A máa dúró,” Ìyá Rónkẹ́ dáhùn.

“Ẹ bá a fẹ́ ẹ,” awakọ̀ tánkà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí sọ.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Múfú náà bá wọn rín in. Ó gbé abọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí òun yọjú wo kẹ̀kẹ́ òun, kí olè má gbé e. A gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ náà, ó ń jìnnà lọ sápá Agboju. Ẹ̀rín tán.

Awakọ̀ tánkà yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. “Ṣé ìyẹn ló fà á tí inú fi ń run mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?”

Ìyá Rónkẹ́ gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà, ó dà á síbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó kí ajá má bàa lá a. Nígbà tó padà dé, kò wojú mi.

“Aláparò, kó tìẹ wá.”

“Tòun ti orí?”

“Mo ní kó o kó o wá.”

Mo dúró.

“Tòun ti orí,” ó ní.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ẹyẹ mi kọ́ síwájú àtíbàbà kó tó sè wọ́n, oníbàárà á sì wá ihò ọta létí ojú ẹyẹ kó tó jókòó. Àwọn ọdẹ oníṣakabùlà ṣì ń pe ìbọn mi ní ohun ìṣeré. Àwọn kan ní orí ẹyẹ ń kó ìríra bá àwọn. Kí wọ́n lọ jẹ ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹyẹ tí mo pa, yóò kọ́kọ́ wò ó lójú.