Ìró Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Màmá

Mo ṣì rántí bí inú ọkọ̀ náà ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní Ìdó-Èkìtì. A ti wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun bí ọdún mẹ́fà. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n béèyàn bá ń wà á, bí ìgbà téèyàn jókòó sí pálọ̀ ni. Èmi tí bọ́ọ̀sì akérò ti ba etí mi jẹ́, mo rò pé mo ti di èèyàn ńlá.

Nígbà tó yá, ọ̀gá pààrọ̀ rédíò inú rẹ̀, ni ìdákẹ́jẹ́ bá tán. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ìgbà téèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ réwáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ó ní máìkì kékeré wà lókè nínú ọkọ̀ tó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn. Àpótí kan á wá gba ẹnu sípíkà gbé òdìkejì ìkùn yẹn jáde, méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́.

"Bí ìwọ bá ń ti ilẹ̀kùn síta, tí èmi ń tì í sínú, tí agbára wa dọ́gba, ṣé á mira? Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣì í tì, tí mo ń tì í síta pẹ̀lú ẹ ńkọ́? Ohun tí rédíò tuntun yín dá sílẹ̀ nìyẹn."

Mo bi í bóyá ó lè pa ariwo táyà.

"Táyà kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì nìkan ló mọ̀. Ìkùn tó wálẹ̀, tí kì í yí padà lójijì, ni agbára rẹ̀ ká. Fèrè, òjò, ẹnu ìyàwó ẹ, kò lè mú wọn."

Ó tú wáyà kan, ó so ó mọ́ ibòmíràn, ìkùn náà lọ. Mo jáde níbẹ̀ bí ọ̀mọ̀wé. Kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ náà tí n kò ṣàlàyé fún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀gá ní kí n gbé ìyá òun padà sí Ìtapàjí, kí n rọra, nítorí ìyá náà nìkan ló kù fún òun. Ẹ̀yìn ni Màmá jókòó sí. A kọjá Ọyẹ́ tán, ìkùn kan bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló ń ké yìí?"

"Màmá, ẹ̀rọ tó ń pa ariwo ló tún ń ṣe wèrè. Ọ̀rọ̀ rédíò ni."

"Rédíò? Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ti ń gbọ̀n. Ṣé abẹ́ ẹsẹ̀ ni rédíò tiyín ń gbé?"

"Kò lè yé yín, Màmá."

"Ó dáa, tísà. Dúró kí o bẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè dé ulé mi."

N kò dúró. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, mo fi jíà sí fúrì, tí ẹ́ńjìnnì kò fa táyà mọ́, bí àwa awakọ̀ ṣe máa ń ṣe kí epo má baà tètè tán. Ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀; ìkùn náà kò wálẹ̀. Ká ní ti ẹ̀rọ yẹn ni, ìbá bá ẹ́ńjìnnì wálẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé táyà ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti dúró lójú ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kò lè yé e. Mo ní ká dé Ìkọ̀lé ná, kí n ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra omi, kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Èmi rí i, mo gbójú kúrò.

A kò tíì dé ibẹ̀ tí mo fi rí táyà ẹ̀yìn wa tó ti yọ, tó ń yí lọ níwájú wa, kí ọkọ̀ tó takìtì wọ oko ẹ̀gẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ló fà mí jáde. Màmá ti kú.

Ọ̀gá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi ní ilé ìwòsàn. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ fún wa ní àmì, bóyá ìyá òun sọ ohunkóhun. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní rárá, mo ní Màmá ti sùn lọ. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun tí kò mọ̀."

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Ọ̀gá ṣì wà láàyè, ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá lọ kí i, tó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún àlejò, á ní ojú oorun ló ti lọ, á sì nawọ́ sí mi pé èmi ni ẹlẹ́rìí. Èmi á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.