Mo Fi Ìlà Kan Pa Á

N kò tíì wọ kàkí rí tí gbogbo ìjọ wa ní Ìlaròó fi ń pè mí ní Sójà. Bàbá mi ló fà á. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, òun náà ló sì ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ológun, ó ka ìfilọ̀ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó ka ti gbígbá àyíká, ó wá ti dígí ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ti di ọmọ ogun ilẹ̀ wa." Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti pa orúkọ mi gidi tì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ìyá ìjọ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan fún mi, torí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí ìwé tí àwọn ológun fi ránṣẹ́ ní kí á kó dání. Wọ́n sì dá ọjọ́ ìdúpẹ́ ìdágbére sí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ bá mọ́, màá wọkọ̀ lọ sókè Ọya fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Kí ló gbé mi débẹ̀? Ìjókòó lásán ni. Mo parí ní poli, mo sin ilẹ̀ bàbá mi, mo wá fi odindi ọdún méjì kọ̀wé wáṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi bi mí pé kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ fayé mi ṣe. Inú bí mi, mo ní màá lọ wọṣẹ́ sójà. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́ o! Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ojú bàbá mi tàn bí n kò ṣe rí i kó tàn mọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ta ló fẹ́ pa irú iná bẹ́ẹ̀? Mo gba fọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ní Abẹ́òkúta, ọ̀gá sójà kan dúró níwájú wa, ó jágbe, "Dáùn!" Gbogbo àwọn tó kù dojú bolẹ̀, wọ́n fọwọ́ tilẹ̀. Èmi ọmọ ọ̀gá ilé ìwé, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá náà ní kí n má ṣèyọnu, pé wọn á wo àìsàn yẹn sàn fún mi níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo sáré, mo fò, mo yege, mo sì ròyìn Dáùn náà fún bàbá mi nílé.

Ohun tí n kò kà sí ni pé, láàárín ìgbà tí mò ń retí àwọn ológun, mo ti níṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kan lọ́wọ́ tí mò ń fojú kékeré wò. Mò ń bá tíṣà kan tó lọ bímọ di àyè rẹ̀ mú nílé ìwé ìjọ kan ní Ìmàṣàyí. Faransé ni mò ń kọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ní Ìlárá ni mo ti gbọ́ ọ, níbi téèyàn ti lè ra iyọ̀ lápá tiwa, kó sì ra búrẹ́dì gígùn lódìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, kí ọbẹ̀ tó hó. Tíṣà náà ní òun ò padà mọ́. Ọ̀gá àgbà ní kí n kúkú dúró. Mo ní ó ti bọ́, mo ti di sójà.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú ìdúpẹ́ ni mo lọ dágbére fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ṣe àpèkọ fún wọn. Mo pe "Je pars lundi", ìyẹn ni pé mò ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n kọ ọ́. Mo yíjú sí bọ́ọ̀dù láti kọ ọ́ fún wọn kí wọ́n fi yẹ tiwọn wò. Kíláàsì pariwo, "Anti, ẹ ṣì í kọ!" Mo wo bọ́ọ̀dù. "Je reste" ni mo kọ: mo dúró. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́.

Nílé wa, a kì í pa ohun tí a ṣì kọ rẹ́. Bàbá mi kórìíra kí ọmọ máa fi rọ́bà ra ìwé títí á fi lu. "O ṣì í kọ? Kò burú. Fi ìlà kan ṣoṣo pa á, kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má sì jẹ́ kójú tì ẹ́." Bó ṣe kọ́ ọmọ ọlọ́mọ káàkiri Yewa nìyẹn. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì láti fi ìlà pa "Je reste". Ọwọ́ mi kọ̀. Mo bá kọ "Je pars" sókè rẹ̀, mo sì fi ìlà pa ìyẹn. Àwọn ọmọ náà ka èyí tó ṣẹ́kù. Ìgbà tó yé wọn, ariwo tí wọ́n pa ló mú ọ̀gá àgbà sáré jáde láti ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n kíláàsì kọ́ ló le, bàbá mi ni. Mo jókòó sí yàrá àwọn tíṣà, mo kọ lẹ́tà sí àwọn ológun. Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà sí Ìlaròó, inú mi ń dùn, mo sì ń ro ohun tí màá sọ fún bàbá mi.

Mo bá bàbá mi ní fàráńdà, ó ń kun bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ. Bàbá tí kì í kun tiẹ̀! Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, mi ò lọ mọ́."

Kò gbójú sókè. "Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ó bà mí díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fẹ́. Inú ló bí mi lọ́jọ́ yẹn tí mo fi pe sójà. Mo ṣì í sọ ni, sà."

"Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Wọ́n ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, mo sì rí ohun tí mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo sunkún. Síbẹ̀ n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mo na lẹ́tà náà sí i.

Tìtìjú-tìtìjú ni mo kọ ọ́: pé pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, ó lè ṣeé ṣe kí n má lè yọjú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ báírò pupa. Ọ̀gá ilé ìwé lè fẹ̀yìntì, báírò pupa rẹ̀ kì í fẹ̀yìntì.

"Ó lè ṣeé ṣe," ó kà á sókè. "Ṣé o ń lọ ni àbí o ò lọ?"

"Mi ò lọ, sà."

Ó fa ìlà kan ṣoṣo, ó gún régé, ó fi pa gbogbo gbólóhùn náà. Ó kọ "N kò ní wá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tún un kọ báyẹn. Dìde ńlẹ̀, jàre. Dáùn yẹn ti tó."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi gba ọ̀nà Ayétòrò lọ sí ọ́fíìsì àwọn ológun ní Abẹ́òkúta. Akọ̀wé tó gba lẹ́tà bi mí pé ṣé mo ti búra. Mo ní rárá. Ó ní kò sí wàhálà nígbà náà, àyè mi á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ó lu òǹtẹ̀, gbà! N kò tíì gbọ́ ìlù tó dùn tó yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi dìde láti ka ìfilọ̀. "Ẹ̀yin ará," ó ní, "lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ka ìfilọ̀ kan fún yín. Mo ṣì í kà." Ó gbé ìwé ìfilọ̀ sókè kí gbogbo wa lè rí i, ó sì fa ìlà pupa kan lé e lórí. "Ẹ fi ìlà kan pa á. Ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: tíṣà lọmọ mi." Ojú kò tì í, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Ìyá ìjọ kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìdúpẹ́ ńkọ́?"

"Ìdúpẹ́ dúró digbí!"

Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo gbé rù, mo jó dé iwájú pẹpẹ, bàbá mi ń jó bọ̀ lẹ́yìn mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà ní kíláàsì mi báyìí, omi tí a fi ń nu bọ́ọ̀dù ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Sójà ní Ìlaròó. Mo máa ń jẹ́ wọn, màá ní, "Ẹ fi ìlà kan pa á."