Ọmọ-Ọmọ Díákónì Fẹ́ Lúwẹ̀ẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé bàbá mi ní Iléṣà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ti ń se oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí iná kì í jó nílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀wà tútù tí epo ti dì lójú rẹ̀ la máa ń jẹ tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sì máa ń dùn mọ́ wa lẹ́nu. Díákónì ni bàbá mi. Kò sí yẹtí létí wa, kò sí ṣòkòtò lára ọmọbìnrin. Kódà tẹ́ń-tẹ́ń, eré táwọn ọmọbìnrin ń fò tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí, kò gbà á, nítorí pé síkẹ́ẹ̀tì máa ń fẹ́ sókè. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn yóò kúnlẹ̀, yóò na apá méjèèjì sókè títí ìyá mi yóò fi gún iyán tán. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà mọ bí iyán ṣe ń pẹ́ lódó tó.

Odò kan wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn ọmọ àdúgbò a bọ́ aṣọ, wọn a bẹ́ sínú omi, ariwo wọn a gba gbogbo àgbègbè. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a dúró sí etí odò, a máa fọ aṣọ ilé. Bàbá mi a ní, “Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ Ọlọ́run kì í bọ́ra síta.” Bí mo ṣe dàgbà láì mọ ìlúwẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Ní Sharjah, ìlú etí òkun nítòsí Dubai tí mo ń gbé báyìí, Ìfẹ́olúwa ọmọ mi obìnrin ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù omi ń bà mí, ẹ̀rù aṣọ péńpé tí wọ́n ń wọ̀ sínú rẹ̀ sì tún ń bà mí. Mo ní rárá.

Ó wò mí lójú. “Mọ́mì, tí mo bá já sómi lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ta ló máa yọ mí? Ẹ̀yin náà ò ṣáà mọ̀ ọ́n.”



Mo sọ ọ́ fún Ìyá Rọ̀díátù, ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ aládùúgbò wa. Ẹ̀rín pa á. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nítorí aṣọ lẹ ṣe ń ṣojo? Yalla, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà Deira ní Dubai! Èyí tó bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀ ni Rọ̀díátù tèmi ń wọ̀ lúwẹ̀ẹ́.”

A ra aláwọ̀ búlúù kan. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Iléṣà. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

“Àwọn wo ló ń wọ irú èyí?”

“Àwọn Mùsùlùmí ni, Bàbá.”

“Háà! Ó mà bo ara ju aṣọ àwọn akọrin wa lọ. Jẹ́ kó wọ omi.”

Láyé ìgbà yẹn, jíjìnnà sómi ni àwọn òbí wa fi dáàbò bò wá, kò sì sí èyí tó rì nínú wa. Mi ò kábàámọ̀ ilé náà rárá. Àdúrà òwúrọ̀ àti ìkúnlẹ̀ kí àgbà, mo gbé wọn dé ibí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni òkun wà fún àwọn ọmọ wa níhìn-ín, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lórí òrùlé ilé. Ọmọ tòní gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe tí òbí rẹ̀ kò bá sí nítòsí.

Mo bẹ tíṣà kó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí Ìfẹ́olúwa ṣe fi etí adágún sílẹ̀, mo dìde fùú, bí ẹni pé mo lè bẹ́ tẹ̀ lé e. Orí rẹ̀ wọmi, ó tún yọ.

“Mọ́mì, ẹ jókòó!”

Mo jókòó.