Awò Oòrùn Tí Ọkọ Mi Kì í Yọ Lójú

Kò pẹ́ tí wọ́n pa orúkọ ìlú Bathurst dà sí Banjul ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò oòrùn sójú nínú ilé. N kò kọ́kọ́ fura. Awò náà ló kúkú ń tà lọ́jà, nítòsí etí odò, níbi tí àwọn túbáàbù, ìyẹn àwọn òyìnbó tó ń wá najú létí òkun, ti máa ń kọjá.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Àdúgbò Dippa Kunda, lẹ́yìn ìlú, là ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì wa, èmi náà a sì máa bá a dé ìsọ̀. Ìdílé aláró l'Ábẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ tètè yé mi.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, àwọ̀ méjì ló wà lára awò yìí. Ọ̀kan wà nínú dígí fúnra rẹ̀. Èkejì ni ọ̀dà tó ń dán bíi jígí tí wọ́n fi bo ojú òde rẹ̀. Ti òde ni aráyé ń rí. Ti inú ni ẹni tó lò ó fi ń ríran."

Ó mú awò méjì tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kan náà kùn. Èyí tí dígí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú ṣú dúdú bí ibú òkun. Èyí tí dígí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò ti di nǹkan míì, ó ń kọ mànà bí ọrùn ẹyẹlé, ó sì fẹ́ jọ ewé. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni aró ń ṣe: bí aṣọ tó wọnú ìkòkò bá ṣe rí ni àwọ̀ tó máa bá jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní dígí eérú kì í yí àwọ̀ ohunkóhun padà, pé búráùn dára fún ẹni tó ń rìn lórí yanrìn, ṣùgbọ́n yẹ́lò kò wúlò fún ẹni tó ń sá fún oòrùn. "Ńṣe ni yẹ́lò ń mú kí ilẹ̀ dà bí ẹni pé ó mọ́, nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú."

Èyí tó dà bí ọrùn ẹyẹlé yẹn ló mú fún ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń lò ó lọ́jà, lẹ́yìn náà nínú ọkọ̀ tá a bá ń bọ̀ wálé, lẹ́yìn náà nídìí oúnjẹ. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ara mi ni mo ń rí, èmi méjì kéékèèké, tí n kò sì mọ ibi tí òun ń wò.

Aládùúgbò wa kan wà, obìnrin Aku, ìyẹn ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára wọn; nọ́ọ̀sì ni nílé ìwòsàn. Ó yà kí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Kúṣẹ́ o," ni ó wí. Ó wo ọkọ mi títí, ó wá fi èdè Aku rẹ̀ bi mí pé, "Oòrùn ti wọ̀. Kí ni ọkọ rẹ ń sá fún?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọkọ mi. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ kì í yé gbá férémù ilẹ̀kùn. Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí i, á ta gìrì, á ní, "Ẹ̀ ń rìn bí ológbò!" Oníbàárà béèrè búráùn, ó gbé eérú fún un, ó sì ń bá a jiyàn. Ọkọ mi, tí kì í ṣi àwọ̀ mọ̀!

Lọ́jọ́ kan, ó ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì gbé awò náà sójú fèrèsé. Atẹ́gùn oníyọ̀ ti jẹ ọ̀dà rẹ̀ létí, yẹ́lò sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Mo fi í sójú. Gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ kedere bí òwúrọ̀. Ọkọ mi kò sá fún ìmọ́lẹ̀. Ó ń wá a kiri ni, ó sì fi jígí bo ojú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀.

Mo dá a padà sójú fèrèsé. Bó ṣe wọlé ni mo bi í. "Bàbá Ìbejì, kí ló ń ṣe ojú yín?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé yẹ́lò kì í ṣe ti oòrùn."

"Wọ́n ti fi ọ́ ṣe dókítà, àbí?" Ó na ọwọ́ sí awò náà, ọwọ́ rẹ̀ kò bà á. Ó ń fọwọ́ táràrà lójú fèrèsé títí ó fi kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn la fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Barra, ní òdìkejì odò, láti lọ tajà. Èrò ń rọ́ wọlé. Ọkọ mi wà níwájú, mo ru ẹrù tẹ̀ lé e. Àlàfo kan wà láàárín èbúté àti ọkọ̀, omi dúdú ń ru gùdù nísàlẹ̀. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ síbi tí pákó kò sí.

"Móytúl!" Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló fi Wolof pariwo pé kó ṣọ́ra, ó sì fi kaftáànì rẹ̀ fà á padà. Awò náà já sómi.

Wọ́n mú un jókòó. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete, kò pọ́n, kò ṣepin. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo dúró síwájú rẹ̀, ó sì ń béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, ibo lo wà?"

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́. Ó ní ojú ọ̀tún kò ríran mọ́, pé òsì dà bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́, ihò náà sì ń kéré sí i. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ta ni yóò ra awò lọ́wọ́ afọ́jú?"

Nọ́ọ̀sì yẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní omi inú ẹyinjú ló ń ti iṣan ojú pa, pé èyí tó ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n oògùn tí à ń kán sójú lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún ní àrùn náà a máa wà nínú ẹbí, ká máa kó àwọn ìbejì wá.

Mo kán oògùn náà fún un tàárọ̀ talẹ́, èmi ni mo sì ń dúró sí ìsọ̀. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù gbé e fún ọdún mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ti fèrèsé. Fèrèsé méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó ti dolóògbé. Àwọn ìbejì ti di àgbà, wọ́n ń lọ ṣàyẹ̀wò lóòrèkóòrè, kò sì sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí ọkùnrin nínú wọn gbé ife sílẹ̀, kò bá orí tábìlì. Ife fọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò fara balẹ̀ ni. Mo ní kó di ojú òsì, kó fi ọ̀tún nìkan wò mí. Ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ Ajé la ó lọ rí dókítà.