Ìgò Oyin Méjì Tí A Gbé Lọ sí Ljubljana

Jernej ló kọ́ Urban ní iṣẹ́ oyin. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lábúlé wa, nítorí Jernej kò jẹ́ kí a gbàgbé. Òun ló fún un ní ilé oyin àkọ́kọ́, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fín èéfín sí àwọn kòkòrò oyin. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, títí di ọdún tí Urban gba ẹ̀yẹ oyin tó dára jù lọ. Láti ìgbà náà, bí Urban bá kí i, imú ló fi ń dáhùn.

Ilé èmi Lojze ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Láràárọ̀ ni Jernej máa ń dúró lẹ́bàá ọgbà mi, tí á máa wo kòkòrò oyin Urban bí wọ́n ṣe ń wọlé, bí ẹni tó ń wo ọkùnrin tó gba aya rẹ̀.

“Lojze, ṣé tiẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ?”

“Mi ò kà wọ́n.”

“Àmọ́ o lójú.”

“Mo lójú.”

“Ó pọ̀ jù, àbí?”

“Ó pọ̀ jù.”

Ó máa ń bínú sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, òdòdó igi lipa tí àwọn oyin ń fà mu ti rẹ̀ dànù, igi igbó òkè kò sì tíì ní oje tí wọ́n ń lá. Àwọn oyin kò rí nǹkan jẹ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣúgà funfun díẹ̀ ni a máa ń fún wọn nínú ilé wọn. Jernej kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ra omi ṣúgà tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ó dà á sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní gbangba. Ó fẹ́ kí kòkòrò oyin tirẹ̀ ti di púpọ̀ kí oje òkè tó dé.

Mo ní, “Àgbàdo yìí ò ní wọ inú oyin?”

“Wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Ohun tí kòkòrò bá ti jẹ, ó ti lọ nìyẹn.”

Mo gbà á gbọ́. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a kórè, ti Urban tún pọ̀ jù. Jernej dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ olóyin. “Ṣúgà ni Urban pò mọ́ tirẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń wọn oyin wò ní ìlú Ljubljana.”

Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Urban yóò pàdánù èdìdì abúlé. Oyin tí kò bá ní èdìdì, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ilé iṣẹ́ tí Urban ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sì ti kógbá sílé. Oyin nìkan ló kù fún un.

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá fẹ̀sùn kan oyin ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé ìgò tirẹ̀ tì í. Jernej gbé tirẹ̀ wá lójú ẹsẹ̀. “Kí wọ́n lè rí bí ojúlówó ṣe rí.”

Èmi ni mo wa ọkọ̀.

Jernej sọ fún Urban lójú ọ̀nà pé, “Ìwọ ọmọ yìí, o ṣì lè jẹ́wọ́. A ó yí ọkọ̀ padà.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí mo bá mọ olè í jà, ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Polona ló gbà wá lálejò nílé àyẹ̀wò náà. Ó di oyin tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan sínú páànù pẹlẹbẹ, ó jù ú sínú iná. “Èédú inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kábọ́nù, ti di afẹ́fẹ́,” ó ní.

Jernej ní, “Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ? Èmi náà lè jó oyin nílé.”

“Ẹ lè jó o, bàbá. Ẹ ò lè wọ̀n ọ́n.”

Ó ní ìbejì ni èédú, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo díẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n, iná kò lè yà wọ́n. Ẹ̀rọ náà a fi iná mànàmáná gún afẹ́fẹ́ náà, a sì lé e gba inú ọ̀pá tó tẹ̀, lẹ́bàá òòfà ńlá. Òòfà a fa gbogbo wọn yí kọ́nà. Èyí tó fúyẹ́ a yí gan-an, èyí tó wúwo kì í yí tó bẹ́ẹ̀. Ife kọ̀ọ̀kan wà níparí ọ̀pá láti gba tirẹ̀, ẹ̀rọ a sì kà wọ́n.

Mo ní, “Bí ọkọ̀ akẹ́rù tí kò lè gé kọ́nà.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.”

Àgbàdo àti ìrèké máa ń gba èyí tó wúwo sára ju igi lọ. Kòkòrò oyin kò lè jẹ ìyẹn dànù. Mo bi í nípa ṣúgà funfun wa, èyí tí wọ́n fi gbòǹgbò bíìtì ṣe, kì í ṣe ìrèké. Ó ní bíi ti igi ni tirẹ̀, ìwọ̀n yìí kò lè yà á sọ́tọ̀.

Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, Polona ní, “Àgbàdo tàbí ìrèké wà nínú oyin Urban.”

Jernej fọwọ́ lu tábìlì. “Mo wí! Ṣé mi ò wí?”

Urban ní, “Mi ò ra àgbàdo rí láyé mi.”

“Èyí tó wà nínú ìgò kejì, ìgò tiyín, jù ú lọ,” Polona ní. “Ìlọ́po mẹ́ta.”

Ọwọ́ Jernej kò kúrò lórí tábìlì. “Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán!”

“Wọ́n kó o pamọ́ ni, bàbá.”

Ìgbà tí a délé, Urban ní kí Jernej gbé àwo rẹ̀ síta. Oòrùn mú. Ó da omi ṣúgà tó ṣẹ́kù sí i. Bí àwọn kòkòrò náà ṣe bà lé e, ó fọ́n ìyẹ̀fun sí wọn lára. Wọ́n fò dìde, funfun báláú. Díẹ̀ wọ ilé oyin Jernej. Èyí tó pọ̀ gba orí òrùlé mi kọjá. A tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà ilé oyin Urban ni wọ́n wọ̀.

Mo rò pé Jernej yóò tọrọ àforíjì.

“Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ ju tèmi lọ!” ó ní. “Èmi ni mo ń bọ́ ọ! Oyin mi ni!”

“Ẹ wá kó o, ọ̀gá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀. Kò wúlò fún mi mọ́.”

Ẹgbẹ́ da oyin Urban ti ọdún yẹn nù, ṣùgbọ́n wọn kò gba èdìdì rẹ̀. Ti Jernej ni wọ́n gbà.

Nígbà tí òtútù lọ, Jernej ní òun kò ṣe mọ́. Urban fẹ́ ra àwọn ilé oyin rẹ̀, ó sì dá owó tó dára. Jernej ní òun á kúkú jó wọn ju kí òun tà wọ́n fún un. Ọ̀fẹ́ ló kó wọn fún àlejò kan láti ìhà Kranj, ẹni tí kò mọ̀ rí. Àlejò náà nìkan ló wá, Urban ló bá a gbé wọn sínú ọkọ̀. Jernej dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ Urban lára wọn.