Aláago àti Erékùṣù Márùn-ún

Ọkọ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má sì retí pé kí n fi sùúrù sọ ọ́, nítorí sùúrù mi lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ti tán tipẹ́. Aláago ni gbogbo wa ń pè é. Ibùdókọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gun àkàbà láràárọ̀ láti fi ṣọ́ọ̀kì kọ aago tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbéra sára pátákó dúdú, ní lẹ́tà gàdàgbà tí ẹni tí kò ríran dáadáa pàápàá lè kà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kọ ọ́. Ó mọ iye wákàtí tí ọkọ̀ fi ń dé gbogbo ìlú tó wà lára pátákó yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dé méjì pàápàá nínú wọn.

Àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀, ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ tí wọ́n fi ń bo aláìsàn, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Inú ooru àti omi gbígbóná ló ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò rí òkun rí. Nígbà tí Aláago ń fẹ́ ẹ sọ́nà, ọ̀rọ̀ dídùn tó fi gbà á lọ́kàn ni pé òun máa mú un wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn méjèèjì á máa lọ láti erékùṣù kan sí òmíràn, níbi tí oòrùn kì í ti í lọ sinmi tí omi sì mọ́ bíi dígí. Èmi gan-an wà níbẹ̀, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé. Lọ́dọọdún, ọ̀gá ò fún un láyè, tàbí ọmọ wọn ń ṣàìsàn, tàbí òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún yìí, àbúrò mi dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Bàbá wọn, bí a ò bá lọ lọ́dún yìí, ẹ má dárúkọ òkun sí mi létí mọ́ láéláé."

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí pé àbúrò mi máa ń pariwo bí iyọ̀ bá dànù lásán. Aláago náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ de oṣù tó ń bọ̀, irú ẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò.

Ètò kẹ̀! Ètò tí ọkùnrin yìí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú ilé. Yàrá tó kọjú sí tiwọn ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rán aṣọ fèrèsé fún àwọn oníbàárà mi, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ wọn tí kì í dé etí mi. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó gbé ife lé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kó má baà ká. Erékùṣù márùn-ún. Owó wọn kò tó òtẹ́ẹ̀lì, nítorí náà yàrá ẹ̀yìn ilé àwọn apẹja ni wọ́n máa háyà. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù àti èrò pọ̀ ni wọ́n máa wọ̀. Wọ́n á gbé ìkòkò kékeré kan àti sítóòfù dání, wọ́n á máa se oúnjẹ fúnra wọn. Títí débẹ̀, ó dáa, èmi fúnra mi yìn ín.

Aago ló bà á jẹ́. Ọkọ̀ tó ń ti erékùṣù kejì lọ sí ìkẹta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń lọ lọ́sẹ̀. Èyí tó ń ti ìkẹta lọ sí ìkẹrin, ó ń dúró kí omi kún kó tó gbéra. Aláago kò lè gbé ìyẹn mì. Ó pe àwọn ọlọ́kọ̀ lórí fóònù.

"Ẹ ní àárọ̀. Aago mélòó láàárọ̀? Aago tí a máa wọkọ̀ ni, àbí aago tí ọkọ̀ máa gbéra?"

Ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan dáhùn pé, "Bàbá, tí omi bá ti kún, a ti lọ nìyẹn."

"Aago mélòó ni omi ń kún?"

"Ojoojúmọ́ ló ń yàtọ̀, sà."

"Ta ló wà nídìí rẹ̀? Ẹ gbé fóònù fún ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Mo gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀. "Aláago, Ọlọ́run ló wà nídìí omi. Jọ̀ọ́, pa fóònù yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ."

Ó pa á, ó sì tún pe ẹlòmíì. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe èyí. Á kọ ètò náà, á fà á ya, á tún un kọ. Àbúrò mi á ti ibi iṣẹ́ dé, á wo tábìlì náà, á béèrè pé, "Ṣé a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Wọn ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó ṣe ń béèrè yẹn ni ara mi ń gbóná.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà kan tó wà lọ́wọ́ Aláago. Nítorí pé èrò máa ń pẹ́, bí ọkọ̀ bá máa gbéra ní aago mẹ́jọ, aago méje ààbọ̀ ló ń kọ sára pátákó. Ọ̀gá mọ̀, awakọ̀ mọ̀, èrò nìkan ni kò mọ̀. Iṣẹ́ nìyẹn, n kò bá a jà sí i. Àmọ́ ó gbé e wálé. Ìgbéyàwó tó bá jẹ́ aago mẹ́wàá, á ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni. Nígbà tí ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé, ọmọ náà nìkan ló máa ń jókòó síwájú géètì tí wọn ò tíì ṣí, bí ẹni pé òun ni wọ́n gbà pé kó máa ṣọ́ ọgbà. Nígbà tí àbúrò mi ríyẹn, kò bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ńṣe ló kàn ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún aago yòówù tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò ṣèpàdé lé e lórí, bí a ṣe ń gbé nínú ilé yìí nìyẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú, ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń tà á, ní ọ́fíìsì wọn tó wà nígboro. Wọn kì í tà á lórí fóònù, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń tò. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń gbé èèyàn yí erékùṣù márààrún ká, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Ogún péré ni wọ́n ń tà níye yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìlọ́po mẹ́ta, agbára wọn kò sì ká a. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ tí Aláago wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń de okùn bàtà rẹ̀, ó ní, "Ìyá wọn, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ṣí fèrèsé. Aago mẹ́sàn-án o."

"Mo ti gbọ́."

Èmi náà gbọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo sì gbọ́.

Àbúrò mi débẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, inú rẹ̀ ń dùn pé òun tètè dé. Wọ́n ti ta mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí Aláago wọlé nírọ̀lẹ́, kò tíì fọ ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ tó fi béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Aláago jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Mo ní aago mẹ́sàn-án! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́!"

"Ẹ sọ ọ́. Mo sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un."

"Kí ló dé tó o fi kún un? Òótọ́ ni mo sọ fún ẹ! Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é fi ṣeré, mo sọ aago bó ṣe wà gan-an!"

"Ṣé ẹ sọ fún mi pé òótọ́ lẹ ń sọ lónìí?"

Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lo fi ń sọ aago tí kì í ṣe aago fún un. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó o sọ òótọ́, o fẹ́ kó wò ó lójú ẹ?"

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kí ni ẹ̀yin gbọ́?"

Mo ki ìka tí mo gún bọnu.

Ló bá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò burú, òun á tún ètò náà ṣe, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun fúnra òun ló máa lọ tò. Bó ṣe dárúkọ ọdún tó ń bọ̀ ni àbúrò mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó yọ bébà kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àwòrán ilẹ̀ náà.

"Ọ̀kan ló kù. Mo rà á."

"Fún ta ni?"

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

"O fẹ́ dá lọ?"

"Mo fẹ́ lọ, Bàbá wọn. Èmi kọ́ ni mo ní kó jẹ́ èmi nìkan."

Aláago bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n bá òun dá sí i. N kò dá sí i. Ó dùn mí, nítorí àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ kí wọ́n jọ lọ, àmọ́ ojú àbúrò mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojú tí èèyàn ń bá jiyàn. Nígbà tó rẹ Aláago, ó jókòó, ó da ètò náà kọ fún un, aago gidi ni gbogbo rẹ̀, kò yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò, títí dé Ọjọ́bọ̀ tó máa padà dé ibùdókọ̀ ní aago mẹ́rin. Ó fẹ́ dá ìsinmi rẹ̀ padà fún ọ̀gá, ọ̀gá ní òun ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Àbúrò mi lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ṣe kù sí mi lọ́rùn. Ọkùnrin tí kò lè se omi gbígbóná! Á jókòó ti àwòrán ilẹ̀ láti àárọ̀, á fi ìka tọ ọ̀nà lórí rẹ̀. "Ó yẹ kó ti wọ ọkọ̀ kejì báyìí, Ẹ̀gbọ́n." Tó bá tún di ọ̀sán, "Ó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀." Ó wù mí kí n ká ohun náà jù síta.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àbúrò mi pè. Aláago fi fóònù sórí tábìlì kí èmi náà lè gbọ́.

"Kí lo rí?" ló bi í. N kò gbọ́ kó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí.

Àbúrò mi sọ̀rọ̀ títí. Ó ní wọ́n dúró de omi láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ọkọ̀ tó gbéra, kálukú sùn lórí ẹrù rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ìyàwó apẹja tí òun dé sọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, tí omi á gbé èèyàn láìrì. Ó rẹ́rìn-ín. Aláago náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Mà á ti wà ní ibùdókọ̀."

"Bàbá wọn, n kò bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Ìyàwó apẹja ní kí n dúró sí i, òun ò ní gbowó yàrá."

"Ọjọ́ wo lo wá ń bọ̀? Aago mélòó?"

"N kò tíì mọ̀. Tí mo bá dé, ẹ máa rí mi."

Ó kí wa, ó sì pa fóònù. Aláago ń wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sọ aago."

"Mo gbọ́," ni mo wí.

Ó wọ́ àga kan lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀ dè é, ó kọjú sí títì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣì wà.