Kànga Tí Ìṣọ̀kan Tì Pa

Ẹyọ ẹnì kan. Iye Mùsùlùmí tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìpàdé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàrin ẹlẹ́sìn ní Fìdítì nìyẹn, ẹni kan ṣoṣo náà kò sì bá tiwọn wá. Nígbà tí mo dìde láti jábọ̀ ìpàdé náà fún ìjọ ìyá mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, alága ìgbìmọ̀ fà mí láṣọ.

“Tíṣà, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ iye. Ẹ ṣáà sọ pé àwọn Mùsùlùmí náà yọjú.”

Mo dárúkọ iye. Láti ọjọ́ náà, alága kì í dáhùn bí mo bá kí i, n kò sì tíì rí ohun tí mo pàdánù níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni ìyá mi ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ládàánì mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òun ló ń pe àwọn èèyàn wá kírun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kànga kan wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, láàrin ilé àdúrà méjèèjì, tí kò gbẹ rí lójú mi, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí ewé ẹ̀gẹ́ fi ń rọ lóko Akínmọ̀ọ́rìn. Ní ìdájí, bí àwọn ìyá Aládùúrà bá ti ń jáde nínú àdúrà, ni àwọn onímọ̀le ń bọ̀ wá pọn omi àlùwàlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ di okùn mú kò gbọdọ̀ pọn tirẹ̀ ṣáájú. Bí Aládùúrà bá ni, bùtà onímọ̀le ni yóò kọ́kọ́ kún. Bí onímọ̀le bá ni, korobá Aládùúrà ni. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni wàásù lórí rẹ̀ rí. Bí a ṣe ń pọnmi nìyẹn.

“Ìyàwó,” ni bàbá ládàánì máa ń pe ìyá mi, nítorí ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni, “ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ bàtà, ṣé ẹ ti jí Ọlọ́run tán?”

“A ti jí I, Bàbá. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ pariwo sí Òun létí.”

“Màá pariwo! Ẹ bá mi gbé bùtà yẹn.”

Àwọn olùṣọ̀kan wá dé. Àwùjọ ẹlẹ́sìn kan ni wọ́n, tí wọ́n ní ilé àdúrà ní Ìlọrà, tí wọ́n sì fi í ṣe iṣẹ́ ayé wọn láti so àwọn ìjọ Kristi pọ̀, kí wọ́n sì bá àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èdè wọn dán. Wọ́n kó Aládùúrà àti Pẹntikọ́sì sínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ní ìjókòó àkọ́kọ́ gan-an ni pásítọ̀ kan ti là á mọ́lẹ̀ pé òun kò lè bá ìjọ tí àwọn onímọ̀le ń fọ ẹsẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ jọ́sìn. Mo retí pé àwọn olùṣọ̀kan yóò bá a wí. Orí ni wọ́n ń mì. Wọ́n ní kí ìṣọ̀kan má baà fọ́, kí a “tún àyíká ṣe”. Àwọn alàgbà ìjọ wa, tí àwọn Pẹntikọ́sì ti ń pè ní abọ̀rìṣà aláṣọ funfun láti ọjọ́ pípẹ́, ebi kí ẹnìkan pè wọ́n ní arákùnrin ń pa wọ́n débi pé wọ́n gbà kíá. Ògiri dìde yí ọgbà ká. Géètì dé, àgádágodo dé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ alága, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló sì ń ṣí i. Wọ́n gbé pátákó ńlá kọ́ sára géètì tí wọ́n tì náà: Ọ̀KAN NI WÁ.

Wọ́n lé Mùsùlùmí kúrò nídìí omi kí Kristẹni lè wà ní ìrẹ́pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pe Mùsùlùmí kan náà wá jókòó sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí wèrè bá hu irú ìwà yìí lọ́jà, a ó káàánú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kàwé.

Bàbá ni ìyà náà jẹ jù. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé ibi ẹ̀rọ omi etí títì mọ́. Omi ọ̀rá ló fi ń ṣe àlùwàlá nígbà tó bá rí i rà, nígbà mìíràn ilẹ̀ á ti mọ́ kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun yóò fi ìrun pípè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá mi gbọ́, kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi ìpàdé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo onímọ̀le ìlú wà nídìí ìrun. Ògbógi nínú ẹ̀sìn ẹlòmíràn ni wọ́n o! Bàbá nìkan, tí ẹsẹ̀ kò gbé dé mọ́sálásí Jímọ̀ mọ́, ló fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ gbọ̀ngàn tó wà nítòsí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé e síwájú, wọ́n fi omi inú ike lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn lórí ìfẹ́, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú làálàá,” ni bàbá wí. “Mo wá gba kọ́kọ́rọ́ ni.”

Ẹ̀rín sọ. Alága tẹ̀ sí i: “Bàbá, ìyẹn kọ́ la bá wá lónìí. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ la wá ṣe.”

“Ọ̀rọ̀ ọ̀hún náà ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ wo lẹ tún ń retí?”

Wọ́n ní ká dìde ya fọ́tò. Arábìnrin kan nínú àwùjọ náà tún fìlà ṣe lórí bàbá. “Ẹ jẹ́ kó hàn dáadáa, sà, kí wọ́n lè mọ̀ pé Mùsùlùmí ni yín.”

Nígbà tí a jáde, àkókò ìrun alásàárì ti tó. Bàbá jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ pátákó, ó ṣí omi tí wọ́n fún un, ìyá mi sì kúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó ń rọ ọ́ sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Omi náà kò tó ẹsẹ̀ kejì. Kànga wà lódìkejì ògiri. Àwọn olùṣọ̀kan ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sídìí mọ́tò wọn, wọ́n ń juwọ́.

Ẹ̀yin àwùjọ Ìlọrà, àti ìwọ alága tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, ẹ má pe ìpàdé kankan mọ́. Ẹ wá ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ já àgádágodo náà, kí ẹ so okùn padà mọ́ kànga, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí bàbá yóò fi dé. Ẹ̀yin ni kí ẹ pọn bùtà rẹ̀ kún, kí ẹ tó pọn tiyín.